Èédú Abẹ́ Pèrègún

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá fi dé ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yẹgi fún mi. Adájọ́ ti dá ẹjọ́ mi. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù ú lọ, ibẹ̀ náà ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mo pa Bàbá Lásísì, àbúrò bàbá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà, èmi náà ni mo sì dáná sun igbó lé e lórí. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì rán mi níṣẹ́. Mo tètè sọ èyí kí ẹnì kankan má baà máa kà á lọ pẹ̀lú ìrètí pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ níkẹyìn.

Yàrá tí mo wà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè na apá méjèèjì sí lọ. Láràárọ̀ ni mo máa ń dẹtí sí ìró kọ́kọ́rọ́ wọ́dà. Bí bàtà rẹ̀ bá kọjá ẹnu ọ̀nà mi, mo ti rí ọjọ́ kan gbà nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà tó láàánú, ló fún mi ní pẹ́ńsùlù àti ìwé. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹlòmíì lè rí i kà." Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀, owó Bàbá Lásísì ni mo fi kà á.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí, ní Àkókó. Bàbá mi kú nígbà tí mi ò tíì lè so okùn ṣòkòtò ara mi. Bàbá Lásísì mú mi wọ ilé rẹ̀, ó rán mi lọ sí ilé ìwé, nígbà tí mi ò sì fẹ́ ìwé mọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ kan ní Ìkàrẹ́ kí n kọ́ṣẹ́. Mo kọ́ ọ yege. Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìkàrẹ́, mo fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, mo sì ra máṣíìnì tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Mùsùlùmí tòótọ́ ni, onísùúrù ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yá. Bó bá fẹ́ sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀, á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa, á béèrè ìyàwó rẹ, á wúkọ́, á tún aṣọ rẹ̀ fi sí èjìká, kó tó wá dórí òjò. Èmi ní tèmi, onínú fùfù ni mí. Láti kékeré ni mo ti máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán." A jọ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Mo tún ní ìwà kan tí mo kó nídìí iṣẹ́. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, mo máa ń gé díẹ̀ pa mọ́ níbẹ̀. Kì í pọ̀. Àjákù tó tó apò ẹ̀wù kan, tàbí ọrùn bùbá kan, tí ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ láéláé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé gbogbo télọ̀ ló ń ṣe é. Kò sí ẹni tó mú mi rí, ọwọ́ mi sì mọ́ ọn lára.

Bàbá mi fi igbó kan sílẹ̀ fún mi ní ìsàlẹ̀ òkè, lápá ibi tí àpáta ti pin. Igbó Bàbá Lásísì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà pèrègún ni ààlà àwa méjèèjì. Òun àti bàbá mi ló gbìn ín nígbà tí bàbá tó bí wọn pín ilẹ̀ fún wọn. Mi ò ka igbó náà sí nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ wọ ibẹ̀ rárá, àyàfi bí Bàbá bá ní kí n wá wo obì.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Sàlámátù ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìṣùà ní kó wá lọ́dọ̀ òun kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀. Kó tó lọ, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó, ó béèrè Àbẹ̀kẹ́, ó béèrè iṣẹ́, ó wúkọ́.

"Mo lè pẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún," ló wí. "Máa bá mi yọjú sí igbó mi. Àwọn agégi ti ń yọ́ wọlé. Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Ọwọ́ mi ò kúrò lórí máṣíìnì bí mo ṣe ń dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tó lọ ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó wá sí Ọ̀kà láti Ìkàrẹ́. Ọ̀gá Igbó ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Wọ́n pe ìpàdé, èrò pọ̀. Ó ní ìjọba ti ní igbó tirẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ni òun bá wá. Àwọn tó ní igbó kéékèèké láti ọwọ́ bàbá wọn ni òun ń wá. Ẹni tó bá fẹ́, wọ́n á fún un ní ọmọ igi tíìkì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á rán àwọn tí yóò bá a ṣán igbó, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì máa bá a san owó ìroko títí igi á fi dàgbà. Igi náà, ti onílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò gé e tà.

Ìyá àgbà kan dìde. "Bí ẹ bá gbin igi yín sórí ilẹ̀ mi tán, ẹ ò ní wá sọ pé ilẹ̀ ti di ti ìjọba?"

"Ìyá, bí mo bá fún yín ní ọmọ adìẹ, ṣé àgò yín ti di tèmi nìyẹn?"

"Ó kù sí irú ẹni tó ń fúnni," ni ìyá wí, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Igbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun mẹ́ta ni òun ń béèrè: kí igbó náà tó ìwọ̀n kan, kí ààlà rẹ̀ hàn kedere, kí ìjà má sì sí lórí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni igbó tí mi ò kà sí di ohun tí mo ń lá lálàá. Mo rí ara mi ní àgbàlagbà, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ẹnu ọ̀nà mi, tí àwọn ọmọ mi ń pàṣẹ fún àwọn agégi. Mo forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ dúró tì wọ́n. Àwọn ará àdúgbò náà wá wòran. Wọ́n na ṣéènì ìwọnlẹ̀ síhìn-ín, wọ́n nà á sọ́hùn-ún. Ọ̀gá Igbó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Ó kù díẹ̀ kó tó," ló wí.

"Díẹ̀ bíi báwo, sà?"

Ó fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀, ó ní, "Bí a bá lè rí ìwọ̀nba báyìí sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ọ̀nà kan wà tí ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó lè..."

Ẹnì kan ké láàárín èrò pé, "Télọ̀, aṣọ rẹ ò tó rán!" Ẹ̀rín sọ. Ojú tì mí, inú bí mi, mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń lọ. Ọ̀gá Igbó ń pè mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, mi ò dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Ó kù díẹ̀ kó tó. Bí mo ṣe ń ránṣọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́. Ta ni télọ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí aṣọ tó kù díẹ̀ kó tó? Bàbá wà ní Ìṣùà. Igbó tirẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Ojú ń dùn ún, kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, pèrègún kan ṣoṣo péré, kí ni yóò fi í ṣe?

Ọ̀sán gangan ni mo lọ, nígbà tí àwọn olóko ń sinmi. Ẹ mọ bí pèrègún ṣe rí, bí ènìyàn bá gé e tó fi í gún ilẹ̀ lásìkò òjò, ó hù nìyẹn. Mo gé àkọ́kọ́ lẹ́bàá ilẹ̀, mo gbé e wọ inú igbó Bàbá, mo rì í síbẹ̀, mo sì fi ewé bo kùkùté rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Ìlà náà wọ́. Ọ̀kan yẹn nìkan yọ síta láàárín àwọn yòókù. Mo ní láti sún èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, mo ti sún gbogbo ìlà náà láti ẹsẹ̀ àpáta títí dé etí odò. Òógùn bò mí. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ó gún.

Mo padà lọ bá Ọ̀gá Igbó ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkàrẹ́. Mo ní, "A fi ibì kan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà. Koríko ló bò ó, a ò rí ààlà."

Ó wò mí. "Ààlà náà dá yín lójú báyìí?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ẹni tó ni igbó ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Kò ní í bá yín jà?"

"Bàbá mi ni, sà. Kò lè bá mi jà láéláé."

Òtítọ́ ni mo fi parí irọ́ náà. Wọ́n tún un wọ̀n, ó tó. Wọ́n ṣán igbó, ọkọ̀ gbé ọmọ tíìkì dé, a gbìn ín. Òjò rọ̀ sí i, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkàrẹ́ wá wò ó. Àwọn tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ń kí mi ní Onígbó. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Inú mi dùn gan-an ní àkókò náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lọ kí Bàbá ní Ìṣùà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọyẹ́ ti dé kó tó padà. Ní ọjọ́ kejì tó dé, ó ránṣẹ́ pè mí sínú igbó. Mo bá a lórí ìdúró, ó fi ọwọ́ kan pèrègún kan.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ojú ńkọ́?"

"Ojú ti ń ríran, Ọlọ́run ṣeun. Ó ń ríran ju bí mo ṣe fẹ́ lọ." Ó wúkọ́. "Ṣé Àbẹ̀kẹ́ wà dáadáa? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ sọ ohun tí ẹ pè mí fún, Bàbá."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ta ló sún pèrègún yìí?"

"Sún kẹ̀? Ibi tó wà náà nìyí. Ẹ ti pẹ́ tí ẹ ti wá síbí ni, àti pé ojú yín..."

"Ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì le, "ọjọ́ tí èmi àti bàbá rẹ gbin ààlà yìí, èmi bu èédú nínú ààrò ìyá mi, òun bu tirẹ̀ nínú ààrò ìyá tirẹ̀. A dà á pọ̀, a rì í sábẹ́ pèrègún kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Pèrègún ṣeé sún. Èédú kì í jẹrà, ibi tí a bá rì í sí náà ni yóò wà. Bàbá rẹ ni ì bá sọ fún ọ, ikú ò jẹ́ kó sọ ọ́."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ààlà wa kò ju èyí tó hàn lókè ilẹ̀ lọ.

"Ẹ fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ni?" ni mo bi í.

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n rò ó ná."

"Ẹ rò ó dáadáa. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo wà." Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo padà. Mo wá kùkùté kan kàn lábẹ́ ewé, mo fi àdá tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Èédú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dúdú, ó le, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n pa iná rẹ̀. Mo dì í mọ́wọ́, mo tún rì í padà.

Láti ọjọ́ náà, oorun dá lójú mi. Mò ń ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Bàbá bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á fa tíìkì mi tu. Wọ́n á mú mi fún irọ́. Gbogbo Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà á gbọ́ pé télọ̀ jí ilẹ̀ bàbá tó tọ́ ọ. Àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ wọn kí wọ́n tó gbé e fún mi. Àbẹ̀kẹ́ fòye mọ̀ ọ́n, ó dà mí láàmú títí mo fi sọ fún un.

"Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un," ló wí. "Bàbá ni. Ó ti dárí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jì ọ́."

"Má dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa."

"Ta ló ń sọ ti ilẹ̀? Bàbá ni mò ń sọ."

Mo pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń kà á, ìyàwó mi sọ ohun tí ì bá gbà mí là, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ tó tẹ̀ lé e, mò ń kọjá níwájú ọ́fíìsì igbó. Mo rí Bàbá Lásísì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti Ọ̀gá Igbó. Bàbá ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe, Ọ̀gá Igbó sì ń mi orí. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ọ̀gá Igbó rí mi.

"Télọ̀!" ló ké. "Ọ̀la ni mò ń bọ̀ ní Ọ̀kà. Èmi àti bàbá yín ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ lórí igbó yẹn. Ẹ má lọ ibì kankan o!" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ọmọ mi, ṣé a ó jọ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́? Ṣé o ti jẹun? Mo fẹ́..."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi," ni mo wí. Mo kọ ẹ̀yìn sí i níwájú gbogbo ọjà. Nínú ọkàn mi, mo ní ó ti tà mí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti dé inú igbó pẹ̀lú ọkọ́ àti àpò aṣọ kan. Èrò mi ni pé kí n hú gbogbo èédú náà kúrò kí Ọ̀gá Igbó tó dé, kí n lọ dà á sódò. Bó bá wá gbẹ́ ilẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, Bàbá á sì di arúgbó tó ń ṣarán. Ẹ gbọ́, títí di ìgbà náà, olè ni mí, mi ò tíì di apànìyàn. Mi ò ní in lọ́kàn láti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo gbẹ́ ìdí kùkùté kan tẹ̀ lé òmíràn. Àpò ń wúwo. Ọyẹ́ mú, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìró kọ̀ọ̀kan ń já mi láyà.

Mo gbọ́ ikọ́.

Bàbá ló dúró lẹ́yìn mi. Ó ti kírun àárọ̀ tán, ó fi aṣọ bo orí nítorí òtútù, ó mú àdá lọ́wọ́ kan, ó mú ohun kan tí wọ́n fi ewé dì lọ́wọ́ kejì. Ó wo ihò ilẹ̀, ó wo àpò.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ ti lọ fẹjọ́ mi sùn, àbí? Inú yín ti dùn? Ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé!"

"Ẹjọ́ wo? Mo wá la ọ̀nà kí àlejò wa lè rí ibi gbà ni. Gbé ọkọ́ sílẹ̀."

"Ẹ má sún mọ́ mi!"

"Gbé ọkọ́ sílẹ̀, kí o gbọ́. Ohun tí mo lọ bá ọkùnrin yẹn sọ ni pé..."

Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ lé e ní orí. Ó ṣubú sáàárín àwọn ihò náà. Kò ké. Ewé tó dì mọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo dúró, mo ń pè é, "Bàbá, Bàbá," kò dáhùn. Ẹ̀rù wá gba ojú mi. Mo rántí pé àsìkò iná igbó la wà, pé ojoojúmọ́ ni iná ń ṣẹ́ mọ́ àwọn olóko lọ́wọ́. Mo ṣá ìṣáná sí ewé gbígbẹ, afẹ́fẹ́ gbé e. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo gbé àpò èédú kọ́ èjìká, mo sáré.

Iná náà ò mọ ààlà. Ó jó tirẹ̀, ó jó tèmi, gbogbo tíìkì tí mo torí rẹ̀ purọ́ jóná kí oòrùn tó yọ dáadáa. Àwọn ènìyàn rọ́ wá pẹ̀lú omi àti ewé tútù. Mo wà láàárín wọn, mò ń pa iná, mò ń sunkún, èmi ni mo ké jù. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá jáde, mo wó lulẹ̀. Àwọn obìnrin ń bẹ̀ mí kí n ṣe ọkàn akin.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọkọ̀ Ọ̀gá Igbó dé. Ó rí òkú, ó ṣí fìlà. Ó wá sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, omi wà lójú rẹ̀.

"Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí. "Bàbá yìí nífẹ̀ẹ́ yín. Ṣé ó ti sọ ọ́ fún yín? Àná ló wá bá mi pé igbó yín kò tó, àti pé òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààlà kó ìtìjú bá ọmọ òun. Ó ní ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo ní ó wà. Ẹni méjì tí igbó wọn fara kanra lè pa á pọ̀, kí wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì gba ìrànlọ́wọ́ náà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ yín ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ ò dúró. Bàbá ní kí n wá lónìí kí a ṣe é. Ó ní kí n kọ orúkọ tiyín ṣáájú, pé ẹ̀yin lẹ ṣì máa pẹ́ láyé."

Àpò èédú ṣì wà léjìká mi. Ariwo iná kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tú u. Mo ní, "Èmi ni mo pa á." Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Mo tún un sọ. Mo mú wọn lọ síbi tí ọkọ́ wà.

Ní kóòtù, dókítà sọ pé èémí ṣì wà nínú Bàbá nígbà tí iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí mo bá gbé e, bí mo bá kàn ké sí ẹnì kan, bóyá ì bá yè. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè dun ènìyàn ju èyí lọ, àfi ìgbà tí ìyàwó Bàbá, Ìyá Sàlámátù, bọ́ sí ibi ìjẹ́rìí. Wọ́n bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ mú dání jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Àdá ni, àti ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Ó ní ọmọ òun ò ní tíì jẹun." Kò wojú mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ wá fún mi níbí, mo máa ń dá a padà.

Àbẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò wá wò mí lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo bi í bí igbó ṣe rí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi béèrè. Ó ní àwọn pèrègún tí mo rì sí ibi tuntun, iná ti jó gbogbo wọn kú. Ṣùgbọ́n àwọn kùkùté àtijọ́, àwọn tí mo gé tí mo sì fi ewé bò, gbòǹgbò wọn wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti hù padà. Ó ní ènìyàn lè dúró ní ẹsẹ̀ àpáta kó rí ìlà náà títí dé odò, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní Ìyá Sàlámátù lọ síbẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ohun kan wà tí ọwọ́ mi ò lè bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin tí bàbá yín fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún, ẹ fetí sí mi. Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọkọ́ àti iná. Láti ibi àjákù aṣọ oníbàárà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹnì kankan ò bi mí léèrè. Ẹ má ṣe mú díẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, kódà bó jẹ́ ti ẹni tó lè fún yín ní gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo jí lọ́wọ́ Bàbá, ńṣe ló ń bọ̀ wá fún mi. Bí ẹ bá sì ti ṣe é ná, ẹ tètè lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀, kí ìtìjú tó sọ yín di ẹranko.

Èkejì sì nìyí, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Bí àgbà bá ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yá, tó ń wúkọ́, tó ń béèrè bóyá ẹ ti jẹun, ẹ jókòó tì í. Ọ̀gá Igbó fẹ́ sọ ọ́, mi ò dúró. Àbẹ̀kẹ́ sọ ọ́, mo pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá fẹ́ sọ ọ́ fún mi ní ọjà, ó tún fẹ́ sọ ọ́ fún mi nínú igbó, mo sì fi ọkọ́ dá a lóhùn. Nísinsìnyí, mo ní gbogbo àkókò láti gbọ́ ọ. Mo máa ń jókòó sórí ilẹ̀ níbí, mo máa ń wí fún un pé, "Bàbá, mo ti gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́." Mo máa ń dákẹ́ títí wọ́dà á fi kọjá.